Ẹ̀rọ Tó Ń Mí fún Mi àti Ìyá Tó Ń Bá A Mí

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni ìkíni. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì dùbúlẹ̀ rí kí ẹ̀rọ máa mí fún un, kí ó fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi. Kí ènìyàn tó lè dáhùn ìkíni, ó gbọ́dọ̀ ní ohùn. Èmi ò ní. Wọ́n ti dá ihò sí mi lọ́rùn, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, inú rọ́bà yẹn sì ni gbogbo afẹ́fẹ́ tó yẹ kó di ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi ń gbà lọ, tó ń gbà bọ̀. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn á wọlé, wọ́n á dúró síbi ẹsẹ̀ mi, wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ara ńkọ́?" Wọ́n á wá máa wo ẹnu mi. Bí wọ́n bá wò ó títí tí nǹkan kan ò jáde, wọ́n á gbé ohùn sókè bí ẹni pé etí mi ló di: "Mo ní pẹ̀lẹ́ o! Ara ńkọ́?"

Etí mi ò ṣe nǹkan kan. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni mò ń gbọ́. Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Láàárín àwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn ni, nígbà tí a ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ọṣẹ ìfọṣọ. Yàrá kan ni mo gbà ní Agbowó, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Bódìjà. N kò tíì lọ́kọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń wá kí mi kì í yé sọ lórí mi bí ẹni pé àga ni mí. Ìyá mi ń gbé ní Àpáta, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ṣàngó tí wọ́n ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Ọmọ Ṣakí ni wá. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Àwọn tí ìyá mi bí ṣáájú mi ò dúró. Òtútù àyà ló mú èyí tó kẹ́yìn nínú wọn lọ, lórí itan ìyá mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ títí tó fi dákẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ló fa gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìgbẹ́ gbuuru ló kọ́kọ́ ṣe mí, ó sì lọ. Lẹ́yìn tó lọ ni ìka ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. N kò kà á sí. Lọ́jọ́ kan, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi níwájú pátákó, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, n kò lè dìde mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rẹ́rìn-ín dáadáa kí wọ́n tó rí i pé kì í ṣe eré. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹsẹ̀ ti lọ, ọwọ́ ti tẹ̀ lé e, àyà mi náà sì fẹ́ bá wọn lọ. Ní ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ, dókítà ọ̀dọ́ kan ṣàlàyé fún ìyá mi pé àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara ló ń dákẹ́, láti ẹsẹ̀ bọ̀ sókè, pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣe ló máa ń gbádùn padà, ṣùgbọ́n pé àìsàn náà kì í kánjú lọ. Kí ó tó lọ, ẹ̀rọ ni yóò máa mí fún mi.

"Títí dìgbà wo?" ni ìyá mi bi í.

"Títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi lè máa mí, Màmá."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

Dókítà ò mọ̀. Ó ní kí ìyá mi ṣe sùúrù, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń sọ nígbà tí kò bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ̀rọ náà tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú mi pẹ̀lú ariwo, ó ń dá a dúró, ó tún ń fẹ́ ẹ, tọ̀sán-tòru. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé onígíláàsì ni ibùsùn mi wà, ariwo náà sì ń gba ojú fèrèsé jáde dé abẹ́ igi máńgòrò kan níta, níbi tí àwọn ẹbí aláìsàn ti máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ a máa lọ́ra díẹ̀ kó tó dìde. Nígbà náà nọ́ọ̀sì kan á mú báàgì rọ́bà, á máa fi tẹ afẹ́fẹ́ sí mi lọ́rùn, á sì máa bú àwọn oníná. Èmi náà á máa bá a bú wọn nínú mi.

Olórí wọ́ọ̀dù wa ni mátírọ́ọ̀nù kan, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn ló kọ́kọ́ rántí pé ọpọlọ mi ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n dúró síwájú mi, wọ́n ní, "Bí o bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, pa ojú dé lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá fẹ́ sọ pé rárá, pa á dé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé o gbọ́?" Mo pa ojú dé lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì títí dé òpin rẹ̀ láìsinmi wá di oní-bẹ́ẹ̀-ni oní-rárá, ṣùgbọ́n díẹ̀ sàn ju òfo lọ. A bá a lọ bẹ́ẹ̀ dáadáa títí ìyá mi fi dá sí i.

Ojú ló ń ti ìyá mi. Àwọn àgbà ìjọ wọn ń ti Àpáta wá, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ wọn ń ti Ṣàngó wá, ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé sì dùbúlẹ̀ gbọọrọ níwájú àgbà, kò kúnlẹ̀, kò fọhùn. Wọ́n á máa bá mi tọrọ àforíjì bí ẹni pé mo hu ìwà ìbàjẹ́: "Ẹ má bínú, rọ́bà ni ò jẹ́ kó dáhùn o." Ní ọjọ́ kan, alàgbà kan ń kí mi lọ́wọ́, oorun ń kùn mí, ojú mi sì pa dé. Ìyá mi fò dìde lórí àga.

"Ẹ wò ó o! Ó ń kí yín. Ojú ló fi ń kúnlẹ̀!"

Ó dùn mọ́ alàgbà náà nínú. Ó ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ojú mi ló ń wò bóyá mo ti kúnlẹ̀, èdè tí mátírọ́ọ̀nù kọ́ mi sì bàjẹ́ pátápátá. Àwọn ìyá ìjọ kan kọrin lé mi lórí títí orí fi ń fọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn wá bi mí pé, "Ṣé ká kọ orin kan sí i?" Mo pa ojú dé lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi kó lè dá a lójú. Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Méjì ló fẹ́!" Wọ́n kọ méjì. Ẹsẹ orin kejì ò lópin.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀ nígbà náà.

Bí orin bá tán, ìtàn ló kù. Ìtàn kan wà tí ìyá mi máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí, ìtàn bí mo ṣe kọ̀ láti fi ọmú sílẹ̀. Mo ti ń sáré, mo ti ń jẹ iṣu, mo ti ń lé adìẹ, síbẹ̀ bí mo bá rí ìyá mi ní ìjókòó, mo ti gun orí itan wọn nìyẹn. Wọ́n fi ewúro ra ọmú, mo lá ewúro náà, mo sì mu ọmú lé e. Wọ́n á sọ èyí níwájú olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, níwájú dókítà ọ̀dọ́ yẹn, níwájú akẹ́kọ̀ọ́ mi ọkùnrin kan tó wá fún mi ní ọsàn tí n kò lè jẹ. Àgbàlagbà obìnrin bíi tèmi! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, ibùsùn, ẹ̀rọ àti gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìka ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, èjìká mi náà sì dáhùn. Dókítà jókòó tì mí, kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. "Iṣan àyà rẹ ti ń padà," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń ṣe gbogbo iṣẹ́ lọ báyìí, á ya ọ̀lẹ. Ihò ọrùn yìí á sì máa kó àrùn wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n ò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. A ó máa yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́, kí o máa mí fúnra rẹ, a ó sì máa fi kún un." Ọkùnrin tó wà ní ibùsùn tó kọjú sí tèmi, tí òun náà ti pẹ́ lórí ẹ̀rọ, irú àrùn àyà yẹn ló gbé e lọ. Ojú mi ló ṣe. Mo mọ̀ pé bí n kò bá tètè kọ́ bí a ṣe ń mí, èmi ló kàn. Mo pa ojú dé lẹ́ẹ̀kan.

N kò rò pé mímí ṣòro. Ta ló máa ń rò ó? Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà ẹ̀rọ kúrò lọ́rùn mi, tí ariwo dákẹ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ọmọdé fa omi nínú kànga tó jìn. Mo fà á, díẹ̀ ló gòkè. Mo tún fà á. Nọ́ọ̀sì ń sọ pé, "O ń ṣe é, o ń ṣe é, má kánjú." Ǹ bá ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ mo gbójú wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí ìyá mi.

Ìyá mi ń bá mi mí. Bí àyà mi ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ń lọ. Imú wọn ń fẹ̀, èjìká wọn ń gòkè, ọrùn wọn le gan-an, ojú wọn sì ti ranjú. Ojú ẹni tó ń wo ọmọ tó ń kú ni. Bí mo ṣe rí ojú yẹn, mo ní, ó parí, mò ń kú. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù sì gba ìwọ̀nba èémí tí mo ní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ja pìtìpìtì. Ìyá mi ké: "Ẹ dá a padà fún un! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní nǹkan rẹ̀! Báyìí gẹ́lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe lọ!" Nọ́ọ̀sì sáré dá rọ́bà padà. Ariwo ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ìyá mi jókòó, wọ́n ń nu òógùn lójú mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìyẹn. Dókítà ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó ń mi orí. Mo mọ̀ pé mo lè mí. Ó dá mi lójú. Ohun tí n kò lè ṣe ni kí n máa mí, kí n sì máa tu ìyá mi nínú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n sáà jáde díẹ̀! Kí wọ́n lọ wo ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ṣàngó, kí wọ́n lọ ra ìrẹsì jẹ! Wọn ò kúrò lórí àga yẹn àfi tí wọ́n bá fẹ́ tọ̀. Mo fẹ́ràn ìyá mi ju ohunkóhun lọ láyé, àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ká ní mo ní ohùn, ǹ bá pariwo lé wọn lórí títí wọn yóò fi gbọ́ ọ ní Dùgbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, Mùsùlùmí olóòótọ́ kan tí ń gbé ní Ṣakí, wá bẹ̀ mí wò ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n bá wa ní àkókò tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi padà sórí ẹ̀rọ, tí ìyá mi ń sunkún. Mátírọ́ọ̀nù fúnra wọn ló dúró tì mí. Wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wò mí, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́: "Ṣé kí Màmá máa jáde díẹ̀ tí a bá ń ṣe é?"

Áà! Ìbéèrè tí mo ti ń dúró dè nìyẹn. Mo pa ojú dé lẹ́ẹ̀kan, mo dì í pinpin, mi ò ṣí i bọ̀rọ̀.

"Alhamdulilahi," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. "Ó ń kúnlẹ̀ kí mi. Dìde, ọmọ mi, dìde, mo ti rí i. Ọlọ́run á gbé ọ dìde."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni ìyá mi wí, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú. "Ọmọ tó mọ àgbà ni."

Mo ṣí ojú, mo wo mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù mọ ohun tí mo wí. Ṣùgbọ́n obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọn ò lè sọ fún àgbà obìnrin níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ní kó jáde. Wọ́n fẹ́ máa lọ. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó, tí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmú. Mo ní, orí mi o! Ìyẹn nìkan ló kù.

"Ọmọ tó lágídí ni," ni wọ́n ń sọ fún mátírọ́ọ̀nù. "Ewúro ò mú un. Ilé mi ni ìyá rẹ̀ sá wá nígbẹ̀yìn, ilé wọn ò ju ẹ̀yìn ògiri wa lọ. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ ń ké lọ́hùn-ún, ìyá ń ké lọ́dọ̀ mi. Mo ní, 'Bó o bá fi lè wọlé tọ̀ ọ́ báyìí, o ti bà á jẹ́ nìyẹn, títí ló máa mu ún.' Nígbà tí a ó fi ṣílẹ̀kùn, ọmọ ti gbàgbé ọmú. Ẹ̀kọ ló ń béèrè."

Mátírọ́ọ̀nù dúró. Wọ́n yíjú sí ìyá mi. Wọ́n wá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kálọ sí ọ́fíìsì mi." Mo rí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń lọ. N kò fi ọkàn sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti gbé tẹ̀sùbáà jáde, àdúrà wọn sì gùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àga ìyá mi ṣófo. Mo wò ó títí. Nọ́ọ̀sì tó wá yí mi padà ní, "Màmá ti bá ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí Ṣakí. Wọ́n ní ká kí ọ."

Ṣakí kẹ̀? Ìyá mi fi mí sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n lọ sí Ṣakí, wọn ò tilẹ̀ sọ pé ó dàbọ̀? Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi, inú bí mi dé ìpẹ̀kun. Gbogbo ìgbà tí mo ń bẹ̀bẹ̀ nínú mi pé kí wọ́n jáde, wọn ò jáde. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ jáde, Ṣakí ni wọ́n bá lọ, bí ẹni pé kò sí Àpáta, kò sí Ṣàngó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà, tí ariwo dákẹ́, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Kò sí ẹnì kankan tó ń bá mi mí. Fáànù àjà nìkan ni mo rí, ó ń yí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ tí ohùn mi bá padà. "Ẹ̀yin Màmá yìí," mo fa èémí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?" mo fa òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀, bí mo ṣe ń tò ó ni mo ń mí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún gbé rọ́bà wá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí i pé ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kún un, lójoojúmọ́ ni mo ń bá ìyá mi jà nínú mi, tí mo sì ń mí. Àwọn èèyàn ìjọ wá, wọ́n bi mí pé níbo ni Màmá lọ, mi ò tilẹ̀ pajú dé. Ní ọjọ́ kan, wọ́n yọ mí kúrò lórí ẹ̀rọ láàárọ̀, wọn ò dá mi padà. Ọ̀sán pọ́n, mo ń mí. Mọ́ṣáláṣí ìtòsí pe ìrun ìrọ̀lẹ́, mo ń mí. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè bínú mọ́, síbẹ̀ mo ń mí. Dókítà jó díẹ̀, ó fi bíbélì ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ìsìnkú kan ló gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ti ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mátírọ́ọ̀nù wọlé, ìyá mi tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Mo wo ìyá mi. Ìborùn wọn ti rún, ìṣẹ́tí ìró wọn ti kó eruku pupa, ojú wọn wú. Wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ mi lórí ibùsùn. Èmi náà gbójú sókè, mo ń wo fáànù, nítorí pé ìjà wà nílẹ̀.

Dókítà ti pààrọ̀ rọ́bà ọrùn mi sí kékeré kan. Ó ní bí a bá fi ìka dí ihò rẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ẹnu jáde, ohùn á sì wá. Ọwọ́ mi ò tíì lè gòkè dé ọrùn. Mátírọ́ọ̀nù mú ìka ìyá mi, wọ́n fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe dí i nígbà tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tí wọn yóò sì ṣí i kí n lè sinmi. Ìyá mi na ọwọ́. Wọ́n dí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò pa mọ́ láti ọjọ́ yìí wá pọ̀ jù fún ẹnu ọ̀nà. Èyí tó kọ́kọ́ yọ ni, "Níbo lẹ lọ?" Ohùn mi há, ó dà bí ti àkùkọ tí wọ́n fún lọ́rùn, ṣùgbọ́n ohùn mi ni.

"Ṣakí," ni ìyá mi wí.

"Irọ́ ni. Ẹ̀lùbọ́ dà?"

Kò sí ẹni tó máa ń ti Ṣakí bọ̀ tí kì í gbé ẹ̀lùbọ́ dání, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ìyá mi. Wọ́n yíjú sí mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù ní aláìsàn kan ń pe àwọn, wọ́n sì jáde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, oòrùn ò sì tíì kan àtàrí.

"Mi ò lọ síbì kankan," ni ìyá mi wí. Wọ́n fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí fèrèsé. "Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni mo wà. Mátírọ́ọ̀nù ní tí mo bá ń wò ọ́, o ò ní mí. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mi ò lè lọ jìnnà. A jọ fẹnu kò sí i pé mi ò gbọdọ̀ wọlé, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀."

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ti dákẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn. Mo máa ń ki ìborùn bọ ẹnu. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé o ti sinmi, èmi náà á dìde lọ mumi." Wọ́n tún ní, "Lánàá, ó dákẹ́ láàárọ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọ̀sán pọ́n, kò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe ìrun, kò bẹ̀rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ò sí, àwọn tó kù gbà pé Ṣakí ni mo wà, kò sẹ́ni tó wá bá mi. Mo ní, ó ti tán. Ọmọ mi ti lọ."

Èmi tí mo jókòó sínú ihò ara mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá, n kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣì lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, inú sì tún bí mi.

"Ẹ rò pé mo ti kú, ẹ sì jókòó síta?"

"Ṣebí mo ti ṣèlérí."

"Kí ló dé tí ẹ ò wọlé wá wò?"

"Bó o bá ti kú, wíwọlé mi ò ní jí ọ. Bó o bá ṣì ń mí, wíwọlé mi lè dá a dúró. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Mátírọ́ọ̀nù ló dé láàárọ̀ yìí, tó wá fà mí dìde."

"Màmá!" Ìbínú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ru sókè nínú mi. "Ẹ̀yin náà! Ṣé ẹ ò lè rán ẹnì kan wọlé ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹ ò lè bi ọ̀kan nínú wọn? Odindi ọjọ́ kan lẹ jókòó, ẹ ò jẹun, ẹ ò—"

Wọ́n gbé ìka kúrò. Ohùn mi pòórá. Ẹnu mi ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹnu mi ń jà, ṣùgbọ́n gbogbo afẹ́fẹ́ tí mo fẹ́ fi bá wọn wí gba ihò ọrùn mi jáde, ó ń dún fìì, ó dákẹ́, ó tún dún fìì.

"O ti sọ̀rọ̀ tó," ni ìyá mi wí. "Mí."

Wọ́n tẹ orí wọn sílẹ̀, wọ́n gbé etí lé ẹ̀bá ihò náà, wọ́n sì ń gbọ́. Bí mo ṣe ń bínú tó, wọn ò gbé etí kúrò.